Káàdì NVIDIA inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ àti DaVinci Resolve: àgbéyẹ̀wò láti ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Òṣogbo

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve ni mo fi ń to fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ọdún ìbílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo ń lò ó lórí rẹ̀ ní RAM (mẹ́mórì iṣẹ́) gígábáìtì 16, káàdì àwòrán Intel tí ó wà lára prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ), àti káàdì NVIDIA GTX 1050 tí ó ní gígábáìtì 4 tirẹ̀ lọ́tọ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá ní káàdì méjì, ẹni yòówù kí ó ṣe é. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí káàdì wà nínú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni kí sọ́fítíwià máa lò ó.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ mi, tí mo bá ti to fídíò méjì lé ara wọn tí mo sì fi àtúnṣe àwọ̀ díẹ̀ sí i, ohùn yóò máa lọ geere, àwòrán yóò sì máa fò. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè jáde, mo wo abẹ́ Performance, mo sì rí i pé Intel ń làágùn nígbà tí NVIDIA jókòó jẹ́ẹ́. Bí ìgbà tí ènìyàn gbé ìyáàlù kọ́ ògiri, tí ó wá ń fi gúdúgúdú nìkan ṣe òde ni. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́: Windows ni ó máa ń fi Intel ṣe iṣẹ́ tí ó bá kà sí fífúyẹ́ kí bátìrì má baà tètè tán, àfi kí onílé sọ ohun mìíràn fún un.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyí. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà Display, kí ẹ sì tẹ Graphics. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi Resolve kún àkọsílẹ̀ náà, tí ẹ ó sì yan High performance fún un. Lẹ́yìn èyí, nínú Resolve fúnra rẹ̀, ẹ wọ Preferences, kí ẹ wá Memory and GPU (GPU ni káàdì àwòrán), ẹ yọ Auto kúrò, kí ẹ fi CUDA (ọ̀nà tí sọ́fítíwià fi ń gbé iṣẹ́ fún káàdì NVIDIA) sí i, kí ẹ sì rí i dájú pé orúkọ NVIDIA ni a fàmì sí. Ẹ pa á, kí ẹ tún un ṣí. Ní ti driver (sọ́fítíwià tí ó so káàdì mọ́ Windows), oríṣi méjì ni NVIDIA ń gbé jáde, Game Ready fún àwọn tí ń fi géèmù ṣeré àti Studio fún irú iṣẹ́ tiwa. Studio ni mo fi sí tèmi, mo sì yan clean installation kí èyí tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè kúrò pátápátá.

Àwòrán inú Task Manager lè tan ènìyàn jẹ o. Ìlà 3D ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ CUDA kì í sábà hàn níbẹ̀, nítorí náà wọn a pariwo pé káàdì kò ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Èmi gba nvidia-smi, irinṣẹ́ kékeré tí ó bá driver wá, gbọ́ jù ú lọ: ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ orúkọ yẹn bí ó ṣe rí, yóò sì fi ooru káàdì, iye mẹ́mórì tí ó ti lò àti àwọn sọ́fítíwià tí ó wà lórí rẹ̀ hàn yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná ni ọ̀rọ̀ iná. Lẹ́yìn gbogbo ètò wọ̀nyí, fídíò yóò lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo yí ṣájà wò: wáàtì 65 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 135 ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Ẹnu ṣájà náà wọlé rẹ́gí, ó sì ń fi iná sí bátìrì, kò sì sí ẹni tí yóò fura, ṣùgbọ́n káàdì máa ń dín eré rẹ̀ kù nígbà tí iná kò bá tó o. Inú bí mi sí ẹni tí ó tà á fún mi, nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń dì sínú àpò. Ṣájà tí ó yẹ ni ó yanjú rẹ̀. Tí ẹ bá ń lo bátìrì nìkan nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má retí ohun tí ẹ ń rí tí iná bá wà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, nítorí náà iná ọba tàbí jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń dúró dè kí n tó gbé fídíò jáde. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú fáànù láptọ́ọ̀pù.

Káàdì náà kò lè ṣe ohun gbogbo. Gígábáìtì 4 kéré fún 4K (fídíò tí àwòrán rẹ̀ tóbi ju 1920 × 1080 lọ); Resolve fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ síwájú yín pé mẹ́mórì GPU ti kún. Timeline (ojú ibi tí a ti ń to fídíò) 1920 × 1080 ni mo ń lò, kò sì tíì sí oníbàárà kan tí ó ráhùn, nítorí pé orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Fídíò HEVC (ọ̀nà kan tí a fi ń fún fídíò pọ̀) tí fóònù ń ká tún jẹ́ ìyọnu mìíràn, torí pé títú fídíò tí a ti fún pọ̀ yàtọ̀ sí kíkun àwọ̀. Proxy (ẹ̀dà fífúyẹ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́ dípò ojúlówó) ni mo ń ṣe fún irú wọn: mo á tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì lórí fídíò náà, mo á sì yan Generate Proxy Media. Ó ń jẹ àyè lórí dísíìkì gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ á fúyẹ́. Ní ti àwọn kámẹ́rà tuntun tí ń ká 4:2:2 bíìtì 10 (irú fídíò tí ó ń pa àwọ̀ púpọ̀ mọ́), GTX 1050 kò lè tú u rárá. Orí àwọn káàdì RTX 50 ni NVIDIA ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyẹn.

Ẹ̀dà Studio ti Resolve jẹ́ dọ́là 295, ẹ̀ẹ̀kan ni a sì ń san án, kì í ṣe oṣooṣù. N kò tíì rí ìdí láti san án, nítorí pé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ń ṣe gbogbo ohun tí òde ìnáwó ń béèrè lọ́wọ́ mi. Tí owó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi wá láptọ́ọ̀pù tí káàdì rẹ̀ ní gígábáìtì 6 sókè, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ṣájà kí ẹ tó sanwó. Ohun kan tí ó ṣì ń dà mí láàmú ni pé tí mo bá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé nígbà tí Resolve wà ní ṣíṣí, kì í rí káàdì náà mọ́ nígbà tí mo bá ṣí i padà. Àfi kí n pa sọ́fítíwià náà kí n tún un ṣí, nítorí náà mo ti fi í sí Settings pé kí ẹ̀rọ má ṣe sùn nígbà tí a bá dé e.