Wáíńdà àbí gíláàsì oníná? Ohun tí ọkọ̀ méjì fojú mi rí

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi wa Golf 3 tó jẹ́ pé wáíńdà la fi ń yí gíláàsì rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ra Corolla 2005, èyí tó jẹ́ pé súìṣì lásán ni wàá tẹ̀. A ò ta Golf náà, bàbá àwọn ọmọ ló ń gbé e jáde báyìí, ṣùgbọ́n àpò mi ni owó àtúnṣe méjèèjì ti ń jáde.

Gbogbo èèyàn l'Óṣogbo níbí ló ń sọ pé oníná ń jẹ owó, pé wáíńdà ò ní wàhálà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, mò ń bọ̀ láti Ọjà Ọba, àdìrẹ oníbàárà wà lórí ìjókòó iwájú. Ní Òkè-Fìà, mo sọ gíláàsì ọ̀tún kalẹ̀, mo ra bọ̀ọ̀lì. Òjò dé. Mo tẹ súìṣì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo tún un tẹ̀, mo fọwọ́ lu ike inú ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn onítakisí ń ṣe, kò mira. Bí mo ṣe ń wá láílọ́ọ̀nù bo àdìrẹ ni omi ń kún inú bọ̀ọ̀lì.

Réwáyà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, ò tíì tú nǹkan kan tó fi ní, "Mọ́mì, mótò ẹ̀ ló ti kú." Ẹ̀rọ kékeré oníná inú ilẹ̀kùn tó ń gbé gíláàsì ló ń pè ní mótò. Mo ra tòkúnbọ̀ rẹ̀, ₦28,000. Owó iṣẹ́, ₦5,000. Gíláàsì ò gbéra. Ó ní á jẹ́ pé súìṣì ni. Ìyẹn ₦15,000, pẹ̀lú ₦3,000 owó iṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́! Ọjọ́ mẹ́rin péré, ó tún dákẹ́. ₦51,000 ti wọgbó.

Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀ lápá Òkèbàálẹ̀ ló yọ mí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fa rọ́bà tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ yọ, ibi tí gbogbo wáyà ń gbà wọ inú ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ tí a bá ń ṣí i tí a ń tì í ni wáyà ibẹ̀ ń ká tó tún ń nà. Ọ̀kan ti já nínú: ara rẹ̀ lóde ṣì dán, irin inú ló ti gé. Bí ọmọ yẹn ṣe ń fa ilẹ̀kùn síwá sẹ́yìn ni ẹnu wáyà pàdé fún ọjọ́ mẹ́rin, ló bá rò pé súìṣì ló wo ó sàn. Bàbá fi wáyà tuntun sí i, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ó gba ₦4,000. Mo gbé mótò àtijọ́ jáde nínú búùtù, ó so ó mọ́ bátìrì, ó ń yí fìrìfìrì. Ó ṣì wà nílé mi, ẹni tó bá fẹ́ rà á kó wá.

Àṣé etí ni èèyàn fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí mótò ń kùn nínú ilẹ̀kùn ṣùgbọ́n tí gíláàsì dúró síbẹ̀, okùn irin tàbí apá tó ń gbé gíláàsì ló ṣeé ṣe kó já, ẹ má tíì ra súìṣì. Tó bá dákẹ́ lọ gbári, ẹ wo fíúsì, kí ẹ sì dán súìṣì ti awakọ̀ àti ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ ra mótò, ẹ ní kó fún un ní iná bátìrì ná. (Mo ti san ₦2,000 rí nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ló tẹ bọ́tìnnì tó ń ti gbogbo gíláàsì yòókù pa. Ojú tì mí.)

Ti Golf ńkọ́? Lóòótọ́, lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, gíláàsì á ṣì yí. Ṣùgbọ́n eyín inú ọwọ́ wáíńdà ti jẹ tán lẹ́ẹ̀mejì, ₦2,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì wá kọṣẹ́, ₦9,000 ni wọ́n tà á, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a, Gate n'Íbàdàn ni mo ti rí i níkẹyìn. Irú ọkọ̀ yẹn ti ń tán lójú títì. Ẹ kó owó ọkọ̀ Ìbàdàn lé ₦9,000 náà kí ẹ tó ní ó pọ́ọ́kú.

Rọ́bà tí gíláàsì ń gbà kọjá ló ń pa méjèèjì. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí i, gíláàsì á le, mótò á máa jìjàkadì, eyín wáíńdà á máa jẹ. Mo ń fi aṣọ tútù nù ún, mo sì ń fọ́n sílíkónì sí i. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i o, á mú kí rọ́bà wú, á sì tún kó eruku jọ.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, oníná ni màá mú. Ẹni tó bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Olú-Òde tó ní kí òun na ọwọ́ yí gíláàsì òdìkejì á mọ̀ ọ́n. Bàbá àwọn ọmọ ò gbà. Ọwọ́ wáíńdà ẹ̀yìn méjèèjì ti bọ́ báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí a ń yọ sí òsì tí a ń yọ sí ọ̀tún, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń jà láàárọ̀.