Orin àtijọ́: ká yí ìlù rẹ̀ padà ni, àbí kọ́ọ̀dù rẹ̀?

Bí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé, àwọn akọrin tí mo ń kọ́ ní Àkúrẹ́ á tún béèrè èyí.

Ti owó kò le. Ẹni tó sọ orin ìsìn di háílàìfù á wá onígángan àti onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, á sì san owó ọkọ̀ wọn wá sí ìdánrawò. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí olódùùrù ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ orin, kò náni ní kọ́bọ̀. Ìka olódùùrù ló ń ṣiṣẹ́.

Ewu ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ fọkàn sí. Bí orin bá jẹ́ onílù mẹ́ta-mẹ́ta (tí à ń ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta), tí ẹ fẹ́ kó o sínú mẹ́rin-mẹ́rin, ó sábà máa ń gba pé kí ẹ fa ọ̀rọ̀ kan gùn. Bí ẹ bá wá yí ohùn orin kó lè bá ìlù mu, ọkọ̀ lè di ọkọ́ lẹ́nu yín. Èyí máa ń dùn mí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ orin ló ń wọ àwọn àgbà lọ́kàn.

Kọ́ọ̀dù kò fọwọ́ kan ohùn orin. Nínú kíì C, níbi tí dó ti jẹ́ ohùn C, dó lè jókòó lórí kọ́ọ̀dù C, F tàbí A máínọ̀, torí pé ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n áàtò àti tẹ́nọ̀ tó ti há apá tiwọn sórí á máa kọ lu kọ́ọ̀dù tuntun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí.

Bí gbogbo ìjọ yóò bá kọ ọ́, kí wọ́n sì jó, ẹ yí ìlù. Bó bá jẹ́ àdákọ tàbí orin ìsìnkú, tí ọjọ́ méjì péré ló kù, ẹ mú kọ́ọ̀dù.