Àwọ̀n ìbòòji fún àgbàlá àárín ilé: ẹ ra èyí tó ń ṣí

Àwọ̀n oníke tí wọ́n hun, irú èyí tó ń dá 70 sí 80 nínú 100 ìtànṣán oòrùn dúró, wúlò jù ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ògiri kò ní òjìji tó lè bo ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í jóni lẹ́sẹ̀ mọ́, ara sì máa ń tu ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tutù. Ìdánwò kan ní aginjù Negev, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, fi hàn pé àwọ̀n nìkan mú afẹ́fẹ́ àgbàlá gbóná sí i ní nǹkan bí dígírì 1, nígbà tí igi pẹ̀lú koríko dín in kù ní nǹkan bí 2.5. Ẹni tó bá ní àyè igi, kó gbin igi ná.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni síso àwọ̀n náà pa, tí kò fi ní ṣeé ká mọ́. Lóru ló yẹ kí ògiri àti ilẹ̀ tú ooru tí wọ́n ti gbà lọ́sàn-án sójú ọ̀run, kí afẹ́fẹ́ tútù sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá, kó sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá. Àwọ̀n tó bo ojú ọ̀run ń dènà èyí. Nítorí náà, èyí tó ń yọ̀ lórí wáyà ni kí ẹ rà: wáyà méjì tí kì í dípẹtà, òrùka ní gbogbo 50 sẹ̀ǹtímítà, àti okùn ìfà. Ẹ ká a bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ fà á padà kí oòrùn tó kan ilẹ̀ láàárọ̀. Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ tètè ká a.

Àwọ̀n dúdú kì í tètè gbó, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ á gbóná, á sì máa ta ooru sísàlẹ̀. Ẹ gbé e ga ju etí òrùlé lọ, ó kéré tán ìdajì mítà, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ráyè jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igun rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Èyí tí wọn kò fi bẹ́líìtì rán etí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Kí ìkọ́ tí wọ́n so wáyà mọ́ sì wọnú bíìmù kọnkéré, kì í ṣe inú rírẹ́ ògiri.

Tapólíìnì? Rárá o. Ó ń há ooru mọ́lẹ̀, omi òjò á sì dárogún sórí rẹ̀ títí á fi fa ìkọ́ tu.

Níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ tí ìkùukùu sì máa ń bo ọ̀run lóru, èrè kíká a kò tó ti ilẹ̀ gbígbẹ. Níbẹ̀, fèrèsé tó kọjú síra, tí atẹ́gùn lè gbà kọjá, ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Bí gíga ògiri bá sì ti fi ìlọ́po méjì ju ìbú àgbàlá lọ, òjìji ògiri náà ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́.