Ẹ má jẹ́ kí sítíkà 250 tàn yín bó ṣe tàn mí: ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì pa á rẹ́. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì á kó sọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún mi kí oṣù yìí tó parí, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí ọkàn mi tó tún yí padà.

Páùn 1,150 ni mo san fún un nínú oṣù karùn-ún ọdún 2025, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ̀rún kan páùn ó lé àádọ́jọ! Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé kan sí òmíràn, owó iṣẹ́ alẹ́ tí mo fi oṣù mẹ́rin tù jọ sì nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá Hólándì báyìí. Wọn kò ní dá a padà fún mi.

Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin yìí gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ló bá dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, lórí ilẹ̀ tí epo dà sí! Ó ní "Ẹ káàsán mà, Àǹtí mi, ọmọ Ìbàdàn ni mí." Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi tútù. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti kú sí. Ká ní òyìnbó ló ń tà á ni, ǹ bá ti béèrè ìwé, ǹ bá ti lọ wo ṣọ́ọ̀bù méjì mìíràn kí n tó sanwó. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi ni mo fọkàn tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé n kò béèrè ọ̀rọ̀. Mo béèrè! Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Rotterdam nínú oṣù kẹjọ. Mo ní ṣé kò ní kó mi sí wàhálà lọ́hùn-ún. Ó ní, "Àǹtí mi, 250 wáàtì ni. Gbogbo Yúróòpù ló gbà á, láti ibí títí dé Jámánì. Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró." Ó fi ìka kan sítíkà funfun kan tó wà lára ẹ́ńjìnnì, èyí tó wà ní àárín táyà ẹ̀yìn: 250W, ó hàn gbangba. Mo ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà ṣì wà nínú fóònù mi. Mo tún bi í nípa bọ́tìnnì kan lápá ọ̀tún, tó jẹ́ pé bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á gbéra bí ọ̀kadà láìjẹ́ pé o tẹ pẹ́dà rárá. Ó ní ti ìgbà tí èèyàn bá ń gun òkè ni, pé kò yẹ kí àǹtí òun máa làágùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi owó ránṣẹ́ láti fóònù mi lójú ẹsẹ̀, tààrà sí àkáǹtì rẹ̀.

Rìsíìtì ńkọ́? Ó ní òun á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Títí di òní.

Ohun tí ọmọkùnrin yẹn mọ̀ tí èmi kò mọ̀ nìyí, kò sì fara sin, ẹnikẹ́ni tó ń ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló mọ̀ ọ́n. Ní Bìrìtéènì, kí òfin tó lè ka nǹkan náà sí kẹ̀kẹ́ lásán, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ jáwọ́ bí eré bá ti dé máìlì 15.5 láàárín wákàtí kan, ó gbọdọ̀ ní pẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń gùn ún sì gbọdọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Ti àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fara jọ ọ́: 250 wáàtì, kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan, bí ẹsẹ̀ rẹ bá sì ti kúrò lórí pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ dákẹ́. Òfin 168 ti ọdún 2013 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì àtàǹpàkò yẹn, kìlómítà 6 péré ló lè fi ti kẹ̀kẹ́, ìyẹn eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Èyí tó bá ti kọjá ibẹ̀, tí kò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, alùpùpù ni lójú òfin. Alùpùpù sì ní nọ́ńbà, ó ní inṣọ́ránsì, ó ní láísẹ́ǹsì, ó ní akoto.

Èmi wá ń gun alùpùpù tí kò ní nǹkankan lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko nínú Lọ́ńdọ̀nù! Nígbà tí mo wá mọ̀, oorun kò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Àìní inṣọ́ránsì nìkan, 300 páùn ni owó ìtanràn tí ọlọ́pàá ń kọ fún èèyàn lójú títì, pẹ̀lú àmì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ní ìlú yìí tí kò tíì pé ọdún méjì, àmì 6 yẹn ti tó kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ yín. Bí mo bá pàdánù láísẹ́ǹsì mi, iṣẹ́ wo ni n óò ṣe? Ó mọ gbogbo èyí, ó sì bi mí léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ló fi káà gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ dé Harwich, nítorí láti òpin oṣù kẹta ọdún náà ni wọn kò ti jẹ́ kí èèyàn gbé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò ṣeé ká wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù mọ́, nítorí iná bátìrì. Mo sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ mọ́ wa ní Hoek van Holland. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ tẹ́jú, omi wà lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo dúró níbi ògiri irin ńlá tí wọ́n fi ń dí omi òkun, Maeslantkering, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó gbé omi ọbẹ̀ kaná. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti irú ló wà nínú àpò méjèèjì tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Mo ti kọjá Maassluis nígbà tí mo rí àwọn ọlọ́pàá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, irin róbótó méjì tó ń yí ló wà lórí rẹ̀. Obìnrin inú wọn na ọwọ́ sí mi, mo dúró. Ọkàn mi balẹ̀! Mo tiẹ̀ kí i. Wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn lé orí irin yẹn, ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, ó ń yí, ó ń ké bí ẹranko. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ń gòkè. Mo rí 25 kọjá. Mo rí 40. Orí 47 ló dúró sí.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo fi sítíkà hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ igun sítíkà náà, ó sì bó o kúrò bí ẹni bó bébà lára súìtì. 1000W ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ sára irin gan-an. Ẹgbẹ̀rún kan wáàtì! Ìlọ́po mẹ́rin! Ọmọkùnrin yẹn jókòó níbì kan pẹ̀lú sítíkà lọ́wọ́, ó nu ojú irin náà mọ́, ó lẹ irọ́ mọ́ ọn, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Ọlọ́pàá náà kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní "Màdáámù, èyí kì í ṣe kẹ̀kẹ́, alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà ni." Ó béèrè inṣọ́ránsì, ó béèrè akoto. Mo ń ṣàlàyé, ohùn mi ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ tiwọn kọjá, wọ́n ń wò mí, àwọn ọmọdé pàápàá. Wọ́n ní kí n tú ẹrù mi. Èmi, ìyá ọmọ mẹ́ta, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní ìlú onílùú pẹ̀lú èlùbọ́ lápá kan àti irú lápá kejì, wọ́n sì gbé kẹ̀kẹ́ mi sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi dúró kí àbúrò mi tó fi káà wá gbé mi. Wọ́n kọ ìwé ìtanràn fún mi, mo ti san án. Ẹ má bi mí léèrè iye rẹ̀.

Láti ilé àbúrò mi ni mo ti pe olùtajà yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kò fún wọn ní nǹkan?" Kí n fún ọlọ́pàá Hólándì ní rìbá! Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun kò sọ fún mi rí pé kí n gbé e kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ kejì, n kò rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp mọ́. Ó ti dí mi lọ́nà. Báǹkì ní mo sanwó ọjà, mo sì gba ọjà, pé àríyànjiyàn èmi àti olùtajà ni, kì í ṣe jìbìtì. Tí kì í bá ṣe jìbìtì, kí ni sítíkà yẹn?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ṣé o kò lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni?" Òótọ́ ni, mo lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà mí. Mo ń bá ara mi wí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń họ sítíkà nínú ṣọ́ọ̀bù? Ẹni tó bá sọ pé òun ì bá họ ọ́, irọ́ ló ń pa. Èmi kọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ohun tí mo lè sọ fún yín nìyí, kíákíá. Ẹ wo ara irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sítíkà. Ẹ wá àmì CE àti EN 15194 lára kẹ̀kẹ́, ìyẹn àmì pé ó bá ìlànà Yúróòpù fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì mu. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè kí ẹ tẹ bọ́tìnnì láìfọwọ́ kan pẹ́dà: bó bá sáré, ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ fi káàdì gbèsè sanwó, krẹ́díìtì káàdì, nítorí tí ọjà bá ju 100 páùn lọ, báǹkì tó ni káàdì náà àti olùtajà ni wọ́n jọ máa dáhùn fún un bí ọjà bá jẹ́ irọ́; fífi owó ránṣẹ́ tààrà ló pa mí. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ 250 wáàtì sí i kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí ìlú mìíràn: ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe kó lè sáré kọjá òfin lè fara gbá ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti owó ìtanràn 30,000 yúrò. Ní Jámánì, èyí tó ń sá kìlómítà 45 gbọdọ̀ ní nọ́ńbà inṣọ́ránsì àti láísẹ́ǹsì, kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ní Sípéènì, ẹ dé akoto bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú ìlú. Bí olùtajà bá sì sọ fún yín, bó ṣe sọ fún mi, pé ẹ lè gbé e wọ bàálù lọ sí Èkó, irọ́ ni. Ẹ sọ fólítì bátìrì di púpọ̀ pẹ̀lú Ah rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bátìrì láti fi sọ bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó), ẹ ó rí wáàtì-wákàtí (Wh) rẹ̀. Tèmi, 48 lọ́nà 20, 960 Wh ni. Bàálù èrò kì í gba bátìrì tó bá ti ju 160 Wh lọ.

N kò fọkàn tán olùtajà kankan mọ́. Ẹni tó rẹ́rìn-ín, ẹni tó kí mi dáadáa, ẹni tó ní ọmọ ìlú mi lòun, ojú kan náà ni mo fi ń wò wọ́n. Ó dùn mí pé mo ń sọ ọ́. Àwọn tó ń ta ọjà gidi pọ̀, mo mọ̀, kí wọ́n má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n èmi kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ilé ẹjọ́ àwọn gbèsè kékeré, fọ́tò sítíkà àti ìwé báǹkì ni ẹ̀rí mi. Ìdí tí mo sì fi kọ èyí lónìí, kì í ṣe lọ́la, ni pé ní àná ni ẹnì kan fi ìpolówó hàn mí: kẹ̀kẹ́ dúdú, táyà fífẹ̀, bọ́tìnnì lápá ọ̀tún, sítíkà funfun kan náà, páùn 1,200. Ó ní ẹni mẹ́ta ti san àsansílẹ̀. Bí ìwọ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pè é lálẹ́ òní kí o gba owó rẹ.