Ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́ ọ̀dọ́ awakọ̀ ní Èkó: ìfiwéra oge àti àtúnṣe kí owó tó jáde

Ọ̀dọ́ tó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ti gba ìwé ìwakọ̀, tí òun tàbí àwọn òbí rẹ̀ sì ti sapá ra ọkọ̀ kékeré tòkunbọ̀ kan, kì í sábà lò ó bí ó ṣe bá a. Kí oṣù kan tó pé, yóò ti máa wá rímù tó tóbi, gíláàsì dúdú, iná tó funfun, àti ẹ̀rọ orin tí yóò máa mi búùtù tìtì. Kò sí ẹ̀bi nínú kí ènìyàn fẹ́ kí ohun ìní òun dùn ún wò. Àmọ́ owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ kì í tó ṣe gbogbo rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi gbé àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà fún wa ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Ládípò àti ASPAMDA, àti ní ọjà ẹ̀rọ orin Alábà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níhìn-ín, kí olùrà lè mọ èyí tí ojú ọ̀nà Èkó gbà àti èyí tó kọ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló yẹ kí owó kọ́kọ́ dé, ìyẹn táyà, bíréèkì àti ṣọ́kì, kí a tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Ọkọ̀ wo ló gba àtúnṣe jù?

Nínú àwọn ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn wọn ń ṣí sókè bí ìlẹ̀kùn, Toyota Yaris tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 2007 sí 2011 àti Honda Fit ti 2007 àti 2008 ni mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Yábàá àti Sùúrùlérè. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 ló wà nínú àwọn méjèèjì. Agbára Yaris jẹ́ ẹṣin 106, ti Fit sì jẹ́ 109, ìyàtọ̀ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò lè mọ̀. Jíà ọ̀tọmátíìkì Yaris jẹ́ mẹ́rin, ti Fit jẹ́ márùn-ún. Fit fi yàrá inú borí Yaris, nítorí pé abẹ́ ìjókòó iwájú ni wọ́n gbé táńkì epo rẹ̀ sí, èyí tó jẹ́ kí ìjókòó ẹ̀yìn lè ká pátápátá tí ẹrù ńlá fi lè wọlé. Yaris náà ní tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà Toyota kì í wọ́n ènìyàn ní Ládípò, kò sì sí àdúgbò tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sí. Kí ẹni tó fẹ́ ra Yaris ka ìlẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, nítorí méjì péré ló wà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2007 àti 2008, ẹni tó bá sì fẹ́ máa gbé àwọn òbí rẹ̀ lọ sóde yóò rí i pé ìyẹn kò rọrùn fún àgbàlagbà.

Kia Picanto kò fẹ́ epo púpọ̀, ó sì rọrùn láti wọ inú àyè tó há ní Ìdúmọ̀tà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó di rímù wúwo tàbí sípíkà ńlá rù ú. Golf 4 ti Volkswagen lágbára, ó sì dúró dáadáa lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, owó oge rẹ̀ sì sábà máa ń di owó wáyà.

Rímù: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Ohun mẹ́rin ni olùrà gbọ́dọ̀ fi wé ara wọn lórí rímù: ìtóbi rẹ̀, iye ihò bóòtù, ìfẹ̀sí àyíká tí àwọn ihò náà wà lé, àti ihò àárín. Yaris àti Fit jọ ń lo ihò mẹ́rin lórí àyíká mìlímítà 100, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùtajà fi máa ń sọ pé rímù kan náà ni wọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ihò àárín rímù Yaris jẹ́ mìlímítà 54.1, ti Fit jẹ́ 56.1. Rímù Yaris kò ní wọ Fit. Rímù Fit yóò wọ Yaris, ṣùgbọ́n àlàfo mìlímítà méjì yóò wà láàárín, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n lórí eré àfi tí a bá fi òrùka tó dí àlàfo náà sí i. Golf 4 ní ihò márùn-ún, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 57.1, bóòtù ni wọ́n sì fi ń dì í dípò nọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra rímù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu; ẹ mú ọkọ̀ lọ.

Ti ìtóbi ló kù. Táyà tó bá ọ̀pọ̀ Yaris àti Fit wá ni 175/65R14. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà náà fẹ̀ ní mìlímítà 175, gíga rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìfẹ̀sí yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 14. Tí a bá ṣírò rẹ̀, rọ́bà tó wà láàárín rímù àti kòtò jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 114. Ẹ wá fi wé 185/55R15, tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ 102, àti 195/45R16, tí rọ́bà tirẹ̀ kò ju 88 lọ. Gíga àpapọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà ojú máìlì kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí rímù bá fi tóbi sí i, ara rọ́bà ló ti gé e. Rọ́bà yẹn ló ń gba ìyà kòtò ní Agege Motor Road kí rímù má baà jẹ ẹ́.

Àbúrò mi obìnrin kò fara mọ́ ìṣirò yìí nígbà tó ra Yaris tirẹ̀ ní 2022. Ṣọ́ọ̀bù kan ta rímù íǹṣì 17 fún un pẹ̀lú táyà 205/40, wọ́n sì fi dá a lójú pé tuntun ni táyà náà. Ó wù mí láti wò, n kò ní purọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló pè mí láti Òjúẹlẹ́gba pé táyà iwájú kan ti tún rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo débẹ̀, fọkanáísà ti da omi ọṣẹ sí etí rímù, ìfóòfó kéékèèké sì ń yọ lẹ́sẹẹsẹ láàárín irin àti rọ́bà. Ó sọ fún un pé, "Àǹtí, ẹ fi ìka yín kàn án níbí." Etí rímù náà ti wọnú bí etí abọ́ irin tó já lulẹ̀. Ó yí táyà sí ìmọ́lẹ̀, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 1413. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2013 ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni táyà tí wọ́n tà fún ọmọ ìyá mi gẹ́gẹ́ bíi tuntun, ó sì ti ń gba orí afárá Third Mainland kọjá pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí. Ara ike tó bo òkè ẹsẹ̀ iwájú náà ti ń dán ní ojú kan, níbi tí táyà ti ń ha á ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí síárìn dé ìpẹ̀kun.

Íǹṣì 15 ni mo fara mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Íǹṣì 14 ló dára jù fún ẹni tó ń gbé ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ti táyà, kò sí ìfiwéra láàárín tuntun àti tòkunbọ̀: àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti fi táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré sí ara ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọ Nàìjíríà, ojú kò sì lè rí ibi tí rọ́bà àgbà ti ń sán nínú. Ẹ ka DOT fúnra yín kí ẹ tó sanwó.

Kí ọkọ̀ wálẹ̀, tàbí kí ṣọ́kì rẹ̀ dára?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù tí kò sì náni lówó, ni kí mẹkáníìkì gé sípíríìngì kúrú. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Sípíríìngì tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa mọ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sínú kòtò, ó lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá sì padà sókè, ṣọ́kì yóò kanlẹ̀ gbà! Ìkejì ni sípíríìngì kúkúrú tí wọ́n dìídì ṣe, tó le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì bá àyè rẹ̀ mu. Ìyẹn dára lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn bọ́m̀pù inú àdúgbò wa ga, abẹ́ ọkọ̀ yóò sì máa fọwọ́ kàn wọ́n, pàápàá tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn.

Ìkẹta ni pé kí ẹ fi gíga ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì pààrọ̀ ṣọ́kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó bá ti lọ. Ẹ tẹ igun bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀: bí ó bá ń jó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dúró, ṣọ́kì ti kú, bí òróró bá ń tutù lára rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ kí ẹ dúró di ọ̀la. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ó tọ́. Ẹni tó bá ti wa Yaris tí wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kọjá lórí àwọn oríkèé afárá Third Mainland, tó gùn ní kìlómítà 11.8, yóò mọ̀ pé àtúnṣe tí ojú kò rí yìí ló yí ọkọ̀ padà ju rímù lọ. Ṣọ́kì àti bíréèkì sì wà lára ohun tí ẹ̀rọ máa ń yẹ̀ wò ní àwọn ibùdó LACVIS, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò ní Èkó, kí wọ́n tó fún ọkọ̀ ní ìwé pé ó yẹ lójú ọ̀nà.

Ní ti bíréèkì, dísìkì ló wà níwájú Yaris àti Fit ti Amẹ́ríkà, dúrọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn. Kò sí ìdí láti yí ẹ̀yìn sí dísìkì. Pádì gidi, dísìkì tí kò wọ́, àti bíréèkì ọ́ìlì tí a ń pààrọ̀ ní ọdún méjì méjì, nítorí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ti tó fún ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú yẹn.

Iná, èémí ẹ́ńjìnnì àti orin

Gílóòbù H4 tó wà nínú iná iwájú Yaris jẹ́ wáàtì 60 fún iná gíga àti 55 fún iná kékeré. Bí a bá fi wáàtì 100 rọ́pò rẹ̀, ooru rẹ̀ lè yọ́ ẹnu wáyà. Bí a bá sì fi gílóòbù funfun HID tàbí LED sínú fìtílà tí wọ́n ṣe fún H4, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, yóò sì gún ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gílóòbù ló kú. Ike iwájú ló ti pọ́n nítorí oòrùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà fínnífínní fá a kí wọ́n sì dán an, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀pá tó ń fa afẹ́fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, tí wọ́n ń tà pé ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má ra ní ìlú tí òjò ti ń sọ òpópónà di odò. Bí ó bá fa omi, omi kò ṣe é fún mọ́ bí afẹ́fẹ́. Kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin inú ẹ́ńjìnnì, yóò tẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun ni yóò kàn. Àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ wá ga ju ìyẹn lọ, kí ó wà níbẹ̀. Ṣáílẹ́ńsà tó ń pariwo kò fi ohun tí ènìyàn lè mọ̀ lára kún ẹṣin 106.

Orin ní tirẹ̀ ní ìwọ̀n: ẹ̀rọ wáàtì 500 lórí bátìrì fóltì 12 yóò fa ju ámúpù 40 lọ, kí a tó ka fáànù, iná àti ẹ̀rọ amúlétutù. Rédíò tuntun pẹ̀lú sípíkà mẹ́rin tó dára tó fún ọkọ̀ kékeré.

Gíláàsì dúdú àti ìwé ọkọ̀

Òfin tó ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ ti wà láti 1991, ọwọ́ ọlọ́pàá sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ gba ìwé kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Bákan náà, àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá kùn ún ní àwọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ tún ìwé ṣe. Ẹ sọ gbogbo àtúnṣe yín fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú, nítorí ohun tí ẹ kò sọ ni wọn yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ béèrè owó.

Bí ẹ bá wá dé ọjà fún rímù, ẹ bá olùtajà ṣe àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: kí ó de méjì sí ẹsẹ̀ iwájú, kí ènìyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kí ẹ yí síárìn dé ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì tẹ́tí sí i bóyá nǹkan kan ń ha. Kí ó yọ wọ́n, kí ó yí wọn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe bálánsì, kí ẹ fojú sí etí wọn bí wọ́n ti ń yí. Rímù tó ti tẹ̀ yóò máa jó níwájú yín. Bí ó bá kọ̀ láti ṣe èyí, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.