Ẹ ṣọ́ra fún ìyá oníkíríìmù kan ní Sábó, Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, láti Sábó dé Èbúté, ẹ gbọ́ o. Obìnrin kan ń po kíríìmù tà fún kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń sú sí ẹ̀yìn apá àti itan, tí awọ á wá rí bí awọ adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Ike funfun kékeré, ₦18,000! Kò ní nọ́ḿbà NAFDAC, kò ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, bíírò ni wọ́n fi kọ ọ́: "àárọ̀ àti alẹ́". Ó tán! ₦18,000 fún ìkọ̀wé bíírò!

Èmi náà rà á. Ẹ má wá bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni. Ta ní ń yẹ nọ́ḿbà wò láàárín yín? Fọ́tò ló fi ń mú èèyàn: apá kan ṣákiṣàki, èkejì ń dán. Ẹ tún un wò dáadáa, èyí tó ń dán yẹn ti pọ́n ju èkejì lọ. Kíríìmù bóra ni!

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Pupa á lọ, kò ní yún yín mọ́, ẹ ó máa yin obìnrin náà. Èyí tó ń yára báyìí, iṣẹ́ sítẹ́rọ́ìdì ni, òògùn tó ń yára pa pupa àti yíyún lára awọ, pàápàá clobetasol 0.05% tí àwọn tó ń po kíríìmù máa ń fún sí i látinú túùbù. Àwọn dókítà kì í jẹ́ kí èèyàn lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ 2 léraléra. Tó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, á sì là ní ìlà-ìlà. Ìlà yẹn ti wà lábẹ́ apá mi báyìí, kì í sì í parẹ́ tán. Kókó ńkọ́? Wọ́n ti padà wá, wọ́n pé! Keratin, ohun líle tí awọ fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló dí ihò irun, sítẹ́rọ́ìdì kì í sì í yọ́ keratin. Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní ara mi ló kọ̀ ọ́, kí n ra ọṣẹ tó bá a rìn, ₦7,500. Ọṣẹ! Olè pọ́ńbélé!

Ẹni tó bá ti ń lo irú kíríìmù yìí tipẹ́, ẹ má dáwọ́ dúró lójijì, ẹ lọ rí dókítà.

Ohun tó ń yọ́ keratin kò lọ́jú pọ̀: urea 10% sí 20%, tàbí lactic acid 12%, tàbí salicylic acid 2%. Ilé òògùn gidi ni kí ẹ ti rà á. Ẹ fi pa á lẹ́yìn ìwẹ̀ kí ara tó gbẹ tán, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Ẹ má fi sójú egbò tàbí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, á ta yín. Tretinoin, òògùn ìpara kan tó wá láti ara fítámì A, náà wà, ṣùgbọ́n aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á, ṣe ló máa ń bínú sí i. Òrí máa ń jẹ́ kí awọ rọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, àmọ́ kò lè yọ ohun tó dí ihò. Tí ẹ bá ṣíwọ́ òògùn tó ń yọ́ keratin, kókó á padà, torí inú ẹbí ló sábà máa ń tọ wá.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń wò ó tán pátápátá, irọ́ ló ń pa. Èmi ò gba ìkankan nínú àwọn tó ń po kíríìmù gbọ́ mọ́, àti èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù, àti èyí tó ń gbé e kiri. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ike sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, wọn á ní àṣírí ni. Ẹni tó bá ní ike tí wọ́n fi bíírò kọ nílé, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ síbí.