Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ọta ìbọn àtúndì ní Houston o

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣọdẹ tàbí tẹ́ ẹ kàn ń yìnbọn fún fàájì ní Texas níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń palẹ̀ mọ́ de àdàbà September, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ọkùnrin kan wà tó máa ń pàtẹ sọ́jà ìbọn tí wọ́n ń ná ní wíkẹ́ńdì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kátíríjì 12-gauge ló ń tà (gauge ni wọ́n fi ń wọn bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó), inú páálí ilé iṣẹ́ ló ń kó wọn sí, 25 nínú páálí kan, á ní tuntun ni, pé òun bá wọn rà á ní pọ̀ ni ò ṣe wọ́n. Irọ́ ni jàre. Òfìfo táwọn èèyàn ti yìn tán tí wọ́n fi sílẹ̀ ní pápá ìyìnbọn ló ń ṣà, á ki práímà míì, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, sí i nídìí, á da ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́ sí i, á wá ká ẹnu ẹ̀ padà. Kéèyàn máa di ọta fúnra ẹ̀ ò burú o, àìmọye èèyàn ló ń ṣe é níbí tọ́wọ́ wọn dá ṣáká. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa dì í tà gbọ́dọ̀ gba láísẹ̀nsì lọ́wọ́ ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, Type 06 ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi í pé kó mú tiẹ̀ wá, á ní ó wà nílé.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé gbájú-ẹ̀ ẹ̀ nírù. Tẹ́ ẹ bá yìn ín tó kọ̀, tó kàn ró "kẹ́" lásán, tẹ́ ẹ wá gbé e padà lọ bá a, á ní ìbọn yín ló ṣàìsàn, pé pin ẹ̀, irin tó ń gbá práímà, ti jẹ tàbí spring ẹ̀ ti dẹ̀, á wá júwe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń tún ìbọn ṣe fún yín. Ọ̀gá kan tá a jọ ń lọ pápá ra pin tuntun sí ìbọn tó ṣì ń dán gbinrin, ó gbé e dé pápá, kẹ́ náà ló tún gbọ́.

Ẹ wò ó, kò ṣòro láti mọ̀ bóyá ìbọn ló lẹ̀bi àbí ọta. Ẹ ra páálí kan ní ṣọ́ọ̀bù gidi, ẹ fi ìbọn yẹn kan náà yìn ín. Tó bá ń dún láìkọ̀, kí lẹ tún ń wá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì? Ẹ tún wo ìdí èyí tó kọ̀. Tí pin bá ti jẹ práímà wọlé dáadáa láàárín gbùngbùn tí ò sì gbiná, práímà ti kú nìyẹn, òróró tàbí ọ̀rinrin lè ti wọ inú ẹ̀, ooru Houston yìí ọkùnrin yẹn dẹ̀ ń kó gbogbo ẹ̀ sínú bùútù. Tójú tó jẹ ò bá jìn, ó lè jẹ́ ìbọn lóòótọ́, pin tó rẹ̀ tàbí ìdọ̀tí gírísì, àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé práímà ọ̀hún ló kì wọlé jù, nítorí òfìfo tí wọ́n ti tún dì láìmọye ìgbà, ihò ìdí ẹ̀ á ti fẹ̀, práímà ò ní dúró gírí mọ́. Mo rí ọ̀kan tí práímà ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nígbà tá a kàn fọwọ́ gbọ̀n ọ́n.

Nínú páálí ọ̀gá yẹn kan náà la ti rí yẹ́lò kan. Yẹ́lò kẹ̀! 20-gauge ni, ó tín-ín-rín ju 12 lọ, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ́lò náà nìyẹn, torí pé tó bá bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ lọ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́, ẹ rò pé ó kọ̀ ni, ẹ ṣí i, ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ki òmíì sí i. Ìbọn á bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Bákan náà lèyí tó bá dún "pù" lóhùn tínrín. Ẹ̀tù ẹ̀ ò tó tàbí ó ti tutù nìyẹn, wad, ìyẹn ìdènà tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́, tó yẹ kó bá ọta jáde, lè ti há sínú ihò ìbọn. Ẹ má yìn òmíì, ẹ kó gbogbo ọta kúrò, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Èyí tó bá dákẹ́ pátápátá ńkọ́? Ẹ kọjú ìbọn síbi tẹ́ ẹ ń yìn sí, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí òmíì máa ń pẹ́ kó tó dún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá tiẹ̀ mọ̀ lọ́jà, ẹ wo ara bàbà ìdí ọta bóyá ó ti ha, ẹ wo ẹnu tí wọ́n ká bóyá ó ti ń fọ́ tàbí ó lójú iná. Ẹ tún wo nọ́mbà tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ sínú ìdérí páálí, tiẹ̀ ò bára mu láti páálí kan sí èkejì, ọta inú ẹ̀ gan-an lè jẹ́ àwọ̀ mẹ́ta. Zelle, áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́, nìkan ló ń gbà, kò ní já rìsíìtì fún yín. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìbọn ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé bẹ́ ẹ bá fi ọta àtúndì bà á jẹ́, wọn ò ní tún un ṣe fún yín.

Ẹni tó bá ti rà á, kó má dà á sínú pàǹtí, kó má dẹ̀ fi ọ̀bẹ tú u. Pápá ìyìnbọn tó dáa máa ń ní garawa tí wọ́n ń kó ọta tó kọ̀ sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀.